Ẹ BI ONÍFÓTÒ: Labalábá tí ò dúró, òdòdó tó wà lókè igi

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Fóònù ni mo fi ń ya fótò nínú igbó IITA (iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn) n'Íbàdàn níbí, ṣùgbọ́n kí n tó tẹ̀ ẹ́ báyìí, labalábá á ti fò lọ. Ṣé kí n lọ ra kámẹ́rà ńlá ni?* (Olùkàwé, Mọ́níyà)

Àbúrò, fi owó ẹ sápò ná jàre. Òjìji ẹ ló ń lé wọn, tó bá ti ṣíji bo labalábá báyìí, á rò pé ẹyẹ ló fẹ́ gbé òun, ó lọ nìyẹn. Rìn jẹ́jẹ́, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó o sì tètè débẹ̀ láàárọ̀, torí labalábá gbọ́dọ̀ yá oòrùn kí ara ẹ̀ tó gbóná tó láti fò, ìgbà tó na ìyẹ́ sílẹ̀ lórí ewé yẹn ni kó o ṣe tìẹ. Tọ́sàn-án bá pọ́n, wá ibi tí ẹrẹ̀ wà lójú ọ̀nà, àwọn akọ máa ń kóra jọ síbẹ̀ láti fa iyọ̀ inú ẹrẹ̀ mu, wọn ò ní rí tìẹ rò. Àwọn labalábá tí wọ́n ń pè ní Charaxes ní tiwọn, òkè igi ni wọ́n ń gbé, òdòdó ò jọ wọ́n lójú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rà àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹmu ni wọ́n ń wá (àwọn náà mọ ohun tó dáa).

Tí labalábá bá pa ìyẹ́ dé, jẹ́ kí fóònù kọjú sí ìyẹ́ ọ̀hún gan-an, tó o bá dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, apá kan á mọ́ kedere, èkejì á ṣe bàìbàì.

Igi ọsàn ilé yín ńkọ́? Papilio demodocus, labalábá tó dúdú tó ní àmì yẹ́lò yẹn, orí ewé ọsàn ló ń yé sí. Ọmọ ẹ̀ tó ṣì kéré, ìgbẹ́ ẹyẹ gẹ́lẹ́ ló jọ. Tó bá dàgbà ó di àwọ̀ ewé, tó o bá wá fọwọ́ kàn án, ìwo rírọ̀ kan tó là sí méjì á yọ lẹ́yìn orí ẹ̀, á sì máa rùn. Ìyẹn ò lè fò lọ mọ́ ẹ lọ́wọ́.

*Mo rí ọ́kíìdì, òdòdó tó ń hù lórí igi yẹn, lórí igi ńlá kan lọ́nà oko wa, ọmọ mi ní òun á gùn ún lọ já a wá sílẹ̀ ká lè yà á dáadáa. Ṣé kò burú?* (Ìyá àgbẹ̀, Oǹdó)

Ẹ kú oko mà. Ó burú o, ẹ má jẹ́ kó já a. Kì í ṣe àfòmọ́ tó ń fa omi ara igi mu, ó kàn jókòó síbẹ̀ ni, omi òjò ni gbòǹgbò ẹ̀ ń gbà. Irúgbìn ẹ̀ kéré bí eruku, kò sí oúnjẹ kankan nínú ẹ̀, àfi tó bá pàdé irú olú kan tó máa bọ́ ọ kó tó lè hù, ẹ wá wo iye tó máa ṣòfò kí ẹyọ kan tó dàgbà. Tó bá jẹ́ yẹ́lò tó ní tóótòòtó bíi ti ẹkùn ni, tí gbòǹgbò ẹ̀ nàró ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, tí ewé gbígbẹ há sáàárín ẹ̀, á jẹ́ Ansellia africana nìyẹn. Ẹ dúró níbi tílẹ̀ ti ga, kẹ́ ẹ fi lẹ́ńsì gígùn yà á. Tí ìjì bá jà, ẹ lọ wo ẹ̀ka tó já bọ́, ẹ máa rí ọ́kíìdì nílẹ̀ tẹ́ ẹ lè yà títí á fi sú yín. Tó bá jẹ́ funfun, ọjọ́ tójú ọ̀run ṣú díẹ̀ ló dáa jù, oòrùn á jẹ́ kó funfun ju bó ṣe yẹ lọ nínú fótò.

*Ṣé mo lè kọ ibi tí mo ti rí ọ́kíìdì sórí Facebook?* (Olùkàwé, Òṣogbo)

Rárá o. Àwọn tó ń wú u tà náà ń kà á. Pa lókéṣọ̀n inú kámẹ́rà fóònù ẹ kó o tó yà á, kó o kọ “Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun” síbẹ̀, ó ti tó.