Ẹ Bi Mí: Ọkọ̀ Títún Ṣe Nílé àti Ara Tá A Fi Ń Ṣe É

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn wa ní Kàbà, Ìyàrà, Mọ̀pà, Ìsánlú, Ẹ̀gbẹ̀, títí dé Bùnú. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ gan-an, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń tún ọkọ̀ ara wọn ṣe nílé ló sì pọ̀ jù nínú ẹ̀. Mi ò bá ẹnikẹ́ni wí o, gbogbo wa la mọ iye tí mẹkáníìkì ń gbà báyìí, ẹlòmíì sì wà tó jẹ́ pé ó kàn fẹ́ràn iṣẹ́ náà ni. Àmọ́ àwọn ọgbẹ́ tí mo kà nínú lẹ́tà yín bà mí lọ́kàn jẹ́, torí pé èyí tó pọ̀ nínú wọn, ohun tí ò ní jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ ò wọ́n rárá. Òun la máa sọ lónìí.

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Sienna ni mo fi ń kó èrò láti Kàbà lọ sí Lọ́kọ́ja, èmi fúnra mi ni mo máa ń yí ọ́ìlì rẹ̀ tí mo sì ń pààrọ̀ bíréékì páàdì. Jáàkì inú búùtù ni mo fi ń gbé e, màá wá ki búlọ́ọ̀kù méjì bọ abẹ́ ẹ̀ kó má bàa já lé mi. Bàbá ìyàwó mi bá mi níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, wọ́n pariwo gidi, wọ́n ní ṣé mo fẹ́ sọ ọmọ àwọn di opó ni. Ṣé búlọ́ọ̀kù méjì ò tó ni? — Dírẹ́fà, Kàbà*

Àbúrò mi, bàbá yẹn fẹ́ràn ẹ ni, lọ dọ̀bálẹ̀ kí wọn. Búlọ́ọ̀kù méjì ò tó, mẹ́rin náà ò lè tó, torí wọn ò ṣe búlọ́ọ̀kù fún irú iṣẹ́ yẹn. Ẹrù tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ lé e lórí ló lè gbà, bíi ti ògiri. Abẹ́ ọkọ̀ kì í tẹ́ bẹ́ẹ̀, etí irin tín-ín-rín kan ló máa bọ́ sórí búlọ́ọ̀kù, gbogbo ẹrù á wá kó sójú kan, búlọ́ọ̀kù ò sì ní kìlọ̀ fún ẹ, kì í tẹ̀ kó tó ṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa ń fọ́. Sienna tó o sì ń wí yìí, òfìfo ẹ̀ sún mọ́ kílò 2,000. Ìgbá àyà èèyàn ò lè gba ìyẹn fún ìṣẹ́jú kan.

Jáàkì inú búùtù yẹn náà, taya ni wọ́n ní ká máa fi pààrọ̀. Bí ìwé tó bá ọkọ̀ wá bá ṣì wà lọ́wọ́ ẹ, kà á, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e. Àwọn míì á ní jáàkì olọ́ìlì ni tiwọn, pé ìyẹn lágbára. Ó lágbára lóòótọ́, àmọ́ rọ́bà kékeré kan ló wà nínú ẹ̀ tó ń dá ọ́ìlì dúró, tó bá ti gbó, ọ́ìlì á máa yọ́ jò, ọkọ̀ á máa rọra sọ̀kalẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀, tí rọ́bà yẹn bá wá já tán, ó di kìì!

Ohun tí wàá rà ni jáàkì sítáǹdì, irin ẹlẹ́sẹ̀ tó ní eyín lára, eyín yẹn ni wọ́n fi ń ga á sókè tí kò fi ní yẹ̀. Méjìméjì ni wọ́n ń tà á, wo ara ẹ̀ dáadáa kó o rí ibi tí wọ́n kọ iye tọ́ọ̀nù sí kó o tó sanwó, èyí tó bá jẹ́ pé wọn ò kọ nǹkan kan sí i, fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Bó o ṣe máa ṣe é rèé. Wá ilẹ̀ tó tẹ́ tó sì le, ilẹ̀ pupa tiwa yìí, tí òjò bá ti rọ̀ sí i, ńṣe ni ẹsẹ̀ jáàkì máa ń rì wọlé, torí náà pákó tó nípọn tó sì fẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ tẹ́ sábẹ́ ẹ̀, àti sábẹ́ sítáǹdì. Fa hándì bíréékì, fi jíà sí P, ki òkúta tàbí igi sẹ́yìn àti síwájú àwọn taya tí ò ní kúrò nílẹ̀. Gbé ọkọ̀ sókè, gbé sítáǹdì sí ojú ibi tí ìwé ọkọ̀ ní kó o gbé e sí, kì í ṣe sábẹ́ páàǹù ọ́ìlì o, rọra sọ ọkọ̀ kalẹ̀ títí tó máa fi jókòó sórí ẹ̀. Kó o tó wọ abẹ́ ẹ̀, fi ọwọ́ méjèèjì ti ọkọ̀ náà, mì ín dáadáa. Tó bá máa já, kó já nígbà tó o ṣì dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ. Taya tó o bá tú, má gbé e ti ògiri, fi lélẹ̀ pẹrẹsẹ sábẹ́ ọkọ̀ níbi etí ilẹ̀kùn, bí gbogbo nǹkan tó kù bá kùnà, ọkọ̀ máa bọ́ sórí taya, àlàfo díẹ̀ á ṣì wà fún ẹ.

Má dá wà nílé ṣe é. Kí ìyàwó ẹ tàbí ẹnì kan mọ̀ pé abẹ́ ọkọ̀ lo wà, kí fóònù wà lápò ẹ, kó o sì lé àwọn ọmọdé kúrò nítòsí, wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n máa fara ti ọkọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wà nítòsí tí ọkọ̀ bá já lé èèyàn lórí, ẹ má fi ipá fà á yọ, jáàkì míì ni kẹ́ ẹ sáré wá kẹ́ ẹ fi gbé ọkọ̀ kúrò lára ẹ̀, kẹ́ ẹ sì ti máa pe ẹni tó máa gbé e lọ ọsibítù.

*Ọ̀gá mi, ọmọ mi ọkùnrin fi ọ́ọ̀sì fa pẹtiróò látinú ọkọ̀ bàbá ẹ̀, ó gbé díẹ̀ mì. A fún un ní epo pupa kó lè bì í, ó bì í lóòótọ́, àmọ́ láti ìgbà yẹn ló ti ń wúkọ́ tí àyà sì ń dùn ún. Àwọn aládùúgbò ní mílíìkì ló yẹ ká fún un. — Ìyá Ọlọ́mọ, Ìsánlú*

Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, tí ọmọ yìí bá ṣì ń wúkọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń ka èyí, ẹ gbé e dìde kẹ́ ẹ lọ sí ọsibítù, Ẹ̀gbẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí yín, ọsibítù ECWA wà níbẹ̀.

Èyí tó bọ́ sínú ikùn kọ́ ló máa ń pa wọ́n nínú ọ̀rọ̀ pẹtiróò, èyí tó bá gba ọ̀fun bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró ni. Pẹtiróò ṣàn ju omi lọ, díẹ̀ báyìí tó bá ti wọ ẹ̀dọ̀fóró á jó o nínú, á di wíwú, èèyàn ò ní lè mí dáadáa mọ́. Tẹ́ ẹ bá wá fún un ní epo pupa kó lè bì, ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn tí pẹtiróò máa gba ọ̀fun kọjá, ìgbà yẹn ló sì rọrùn jù fún un láti yà sí ẹ̀dọ̀fóró. Epo yẹn pàápàá lè tẹ̀ lé e wọlé. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ọmọ lẹ fi ṣe é, ohun tí wọ́n kọ́ gbogbo wa nílé ni, àmọ́ a gbọ́dọ̀ jáwọ́ nínú ẹ̀. Kò sí epo, kò sí mílíìkì, kò sí ìka lọ́fun. Kó fi omi fọ ẹnu kó tu ú dànù, kẹ́ ẹ bọ́ aṣọ tí pẹtiróò bá ta sí kúrò lára ẹ̀ kẹ́ ẹ sì fi ọṣẹ wẹ ibẹ̀, ó di ọsibítù. Kódà tí kò bá wúkọ́, ẹ lọ, torí wákàtí bíi mélòó kan lè kọjá kó tó bẹ̀rẹ̀.

Fún ìgbà míì, ẹ ra ọ́ọ̀sì tó ní rọ́bà rògbòdò kan láàárín, ọwọ́ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ tí pẹtiróò fi ń wá. Ọjà tí wọ́n ti ń ta páàtì ọkọ̀ ló ti máa ń wà. Ẹnu kì í ṣe pọ́ọ̀ǹpù.

*Mo ń fi ẹ̀rọ fáìlì gé sàlẹ́ńsà tó ti dípẹtà, nǹkan kan ta sí mi lójú. Ìyá mi ní kí aya ẹ̀gbọ́n mi fún ọmú sí i. Ojú ọ̀hún ti pọ́n, mo sì wọ awò dúdú lọ́jọ́ yẹn o. — Ọmọ Gbẹ̀dẹ̀, Ayétòrò*

Má fọwọ́ rà á, má sì jẹ́ kí wọ́n fi nǹkan kan sí i mọ́. Ọmú, ìtọ̀, omi ṣúgà, àgbo, gbogbo ẹ̀ ló ń kó kòkòrò wọ ojú tó ti lọ́gbẹ́, àwọn dókítà ojú ń rí i lójoojúmọ́, ẹni tó jẹ́ pé egbò kékeré ló gbé wá á wá fi ohun tí wọ́n kán sí i fọ́jú. Tó bá jẹ́ eruku lásán, omi tó mọ́ tó ń ṣàn máa fọ̀ ọ́ kúrò. Àmọ́ irin tó gbóná tó sì ń fò wá lè wọ inú ẹyin ojú lọ, tí ìta ojú ò ní fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ìyẹn, wọn kì í yọ ọ́ nílé. Fi ìdí kọ́ọ̀bù kékeré bo ojú náà láìjẹ́ kó kàn án, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara, má tẹ̀ ẹ́, lọ rí dókítà ojú lónìí.

Awò dúdú tó o wọ̀ yẹn, oòrùn ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ṣí sílẹ̀, bí irin bá sì bà á, ó lè fọ́ wọ ojú fúnra ẹ̀. Gógùsì tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ máa ń ní Z87 tàbí EN166 lára, wọ́n kọ ọ́ wẹ́wẹ́ sí apá tàbí sára dígí ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti ń rà á ẹ wá a. Kò wọ́n rárá. Èmi gbà pé tí owó èèyàn ò bá tó ra ju nǹkan méjì lọ, lẹ́yìn sítáǹdì, gógùsì ló kàn, torí ìdọ̀tí abẹ́ ọkọ̀, ọ́ìlì bíréékì, ásíìdì bátìrì, ojú ni gbogbo wọn ń dojú kọ. Ìbòrí irin tó wà lára ẹ̀rọ fáìlì náà, ẹ má yọ ọ́ nítorí pé kò jẹ́ kẹ́ ẹ rọ́wọ́ yí.

*Ẹ̀gbọ́n mi, mò ń tú bátìrì Corolla mi, sípánà kan irin, iná ṣẹ́, òrùka ìgbéyàwó mi gbóná lójijì débi pé ó jó mi lọ́wọ́ yíká. Mo rò pé iná bátìrì, 12 fóòtì (volt) péré, ò lè ṣe èèyàn ní nǹkan kan. — Tíṣà, Mọ̀pà*

Ẹ pẹ̀lẹ́ tíṣà. Kò lè gbé yín o, àmọ́ òrùka àti sípánà ti di wáyà fún un, ìwọ̀n iná tó ń gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan náà pọ̀ débi pé irin lè pọ́n. Ẹ bọ́ òrùka, ṣéènì àti wọ́ọ̀ṣì kẹ́ ẹ tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Orí nẹ́gétíìfù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tú, òun náà lẹ máa dè kẹ́yìn, torí pé tí nẹ́gétíìfù bá ti kúrò, sípánà lè kan bọ́dì ọkọ̀ kí nǹkan kan má ṣẹlẹ̀.

Mo tún fẹ́ sọ èyí. Bátìrì tó ń gba chájì máa ń tú gáàsì kan jáde tí kò ní àwọ̀ tí kò sì ní òórùn, iná kékeré báyìí ló ń wá kó fi bú. Nígbà tí NEPA bá mú iná lọ, mo ti rí àwọn tó ń ṣáná sí orí bátìrì kí wọ́n lè wo omi inú ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, tọ́ọ̀ṣì fóònù wà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi wáyà jí ọkọ̀ tó kú, wáyà dúdú tó máa kẹ́yìn, ẹ má gbé e sórí bátìrì tó kú, irin tí kò ní ọ̀dà lára ẹ́ńjìnnì, níbi tó jìnnà sí bátìrì, ni kẹ́ ẹ dè é mọ́.

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ èyíkéyìí nídìí ọkọ̀, ẹ pọn omi kẹ́ẹ̀gì kan síbẹ̀, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi ń wọ́n wa yìí. Tí ásíìdì bá ta sójú, omi, ogún ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ ṣí ìpéǹpéjú kí omi lè wọ abẹ́ ẹ̀, lẹ́yìn náà ọsibítù. Tí rédíétọ̀ bá jó èèyàn, omi tútù náà ni, 20 ìṣẹ́jú, kì í ṣe yìnyín, kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín, ògì náà kọ́. Ẹ bọ́ òrùka kí ọwọ́ tó wú. Rédíétọ̀ tó bá ṣì gbóná, ẹ má fọwọ́ kan ìdérí ẹ̀, omi inú ẹ̀ gbóná ju èyí tó ń hó lórí iná lọ, ìdérí yẹn nìkan ló dì í mú.

*Ṣé ó léwu kéèyàn máa fi pẹtiróò fọwọ́ lẹ́yìn iṣẹ́? Ṣé ìbọ̀wọ́ dáa? — Ọ̀dọ́, Ẹ̀gbẹ̀*

Ó léwu, awọ ara ń mu ún, ó sì ń bọ́ ọ̀rá tó ń dáàbò bo awọ. Òróró ìsebẹ̀ díẹ̀ ni kó o fi pa ọwọ́, kó o wá fi ọṣẹ ìfọṣọ fọ̀ ọ́. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti dúdú, má jẹ́ kó máa gbẹ sí ẹ lára lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ ọdún irú ẹ̀ lè fa jẹjẹrẹ awọ. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí àwọn nọ́ọ̀sì ń lò dáa fún ọ́ìlì, èyí tó jẹ́ nitrile (orúkọ irú rọ́bà kan ni) ló le jù. Àmọ́ tó o bá fẹ́ sún mọ́ fáànù tàbí bẹ́líìtì tó ń yí, bọ́ ìbọ̀wọ́, ká apá aṣọ, torí bẹ́líìtì á fa aṣọ, aṣọ á fa ọwọ́. Fáànù oníná ọkọ̀ òde òní lè bẹ̀rẹ̀ sí í yí fúnra ẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti kú.

*Ìṣó tó dípẹtà gún mi lẹ́sẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ ní ìjẹta, sílípásì ni mo wọ̀. Ó ti ń jinná. — Arákùnrin, Ìyàrà*

Bó ti ń jinná lókè yẹn ò sọ ohun tó wà nísàlẹ̀. Ihò tó jìn tó sì há ni kòkòrò àrùn ipá (tetanus) ń fẹ́, ó sì lè pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kó tó fara hàn, àgbọ̀n ló sábà máa ń kọ́kọ́ le. Lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà lónìí, sọ fún wọn pé ìṣó ni àti ọjọ́ tó gún ẹ, kí wọ́n fọ ojú ibẹ̀. Tó bá ti ju ọdún márùn-ún lọ tó o gba abẹ́rẹ́ ipá kẹ́yìn, tàbí o ò rántí, kí wọ́n fún ẹ ní òmíràn. Bàtà onírin lórí wà ní ibi tí wọ́n ti ń ta òkìríkà, dán an wò pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ kó o tó rà á.