Kí ẹ tó ra ọkọ̀ oníkùn méjì tí ẹ fẹ́ máa dá tù

Arábìnrin mi, ẹ ní kílò 65 ni yín, ẹ fẹ́ máa dá tukọ̀ ìgbòkun ní Southend, ní ẹnu odò Thames ní England, láìsí ẹnìkejì, ẹnìkan sì fẹ́ ta Hobie 16, ọkọ̀ ìgbòkun oníkùn méjì kan, fún yín ní owó pọ́ọ́kú. Ẹ wá béèrè bóyá ó yẹ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, àti bóyá mọ́tò kékeré yín lè fà á. Ìdáhùn mi sí ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ má rà á. Ọkọ̀ náà dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ẹni méjì ni. Ó gùn ju mítà 5 lọ, ó wúwo tó kílò 145, ìgbòkun méjì ló ní, bí wọ́n bá sì ń fi í díje, òfin ni pé ìwọ̀n àwọn méjì tó wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó kílò 129. Ẹni tó ta tèmi fún mi mọ gbogbo èyí, nítorí pé iṣẹ́ tó fi ń jẹun ni, síbẹ̀ ó wojú mi, ó ní kílò 74 tí mo jẹ́ ti pọ̀ tó láti dá a tù.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí. Láti kékeré ni mo ti ń wọ ọkọ̀ lórí ọ̀sà, mo mọ bí a ti ń lúwẹ̀ẹ́, mo sì gbà pé ojú mi ti mọ omi. Ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún tí mo ra ọkọ̀ náà, mo jáde ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, tí omi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa: ní ẹnu odò Thames, bí omi bá ń fà, ìhà ìlà-oòrùn ló ń gbà lọ sínú òkun, afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà sì ń ti gbogbo ohun tó bá léfòó sí àríwá ìlà-oòrùn, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìhà kan náà. Afẹ́fẹ́ líle kan dé láti ẹ̀yìn mi lójijì, imú ikùn ọkọ̀ kan wọnú omi, ìdí ọkọ̀ gbé sókè, èmi àti ọkọ̀ sì takìtì. Iwájú Hobie 16 tẹ́ẹ́rẹ́, àwọn tó mọ̀ ọ́n tù sì mọ ìwà yìí mọ́ ọn.

Ìwọ̀n Celsius 12 ni omi wà lọ́jọ́ náà. Èémí mi já, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ, n kò sì lè dá a dúró. Àwọn RNLI, tí wọ́n ń gba ẹ̀mí là lójú òkun Britain, ń kọ́ni pé kí ẹni tó bá já sínú omi tútù fẹ̀yìn léfòó títí èémí rẹ̀ yóò fi padà, kí ó tó ṣe ohunkóhun. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Lẹ́yìn ìyẹn, mo gun orí ikùn tó wà nísàlẹ̀, mo di okùn tí a fi ń gbé ọkọ̀ dìde mú, mo sì fẹ̀yìn sílẹ̀ títí ìbàdí mi fi kan omi. Òpó ọkọ̀ gbé sókè díẹ̀, ó dúró bẹ́ẹ̀, ó sì padà sùn. Mo tún un ṣe, ó tún gbé sókè, ó tún padà sùn. N kò mọ iye ìgbà tí mo ṣe é. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, bó ṣe ń gbé sókè ń dín kù, nítorí pé omi ń wọ inú òpó náà láti orí rẹ̀, níbi tí ohun tí wọ́n fi dí i ti bó, agbára èmi náà sì ń tán. Nígbà tó yá, ọkọ̀ dojúdé pátápátá, òpó kọrí sí ìsàlẹ̀, ikùn méjèèjì sì wà lókè bí ẹja tó ti kú.

Fóònù mi wà nínú àpò tí omi kì í wọ̀, ṣùgbọ́n ara ìdábùú iwájú ni mo so àpò náà mọ́, ìdábùú náà sì ti wà lábẹ́ omi. Ìka mi kò ká mọ́. Mo dùbúlẹ̀ sórí ikùn kan, mo sì ń wo ọgbà òpó tí ìjọba kàn mọ́lẹ̀ sínú òkun ní Shoeburyness, ní ìlà-oòrùn Southend, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì láti fi dènà ọkọ̀ ọ̀tá, bí ó ti ń sún mọ́ mi, àti bí ìgbì ti ń fọ́ mọ́ ọn lára. Àwọn apẹja kan ló gbé mi. Ìṣẹ́jú 50 ni mo ti lò.

Nígbà tí mo padà sí ibi tí mo ti kọ́ṣẹ́, olùkọ́ mi ní kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ènìyàn kan ṣoṣo tí kò wúwo kò lè gbé Hobie 16 dìde. Ta ni wọ́n sọ ọ́ fún? Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, àwa méjì ló ń wà nínú ọkọ̀ lójoojúmọ́, ọkọ̀ ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé wa lẹ́yìn, wọ́n sì fún mi ní ìwé-ẹ̀rí. Àwọn adójútòfò náà kọ lẹ́tà mẹ́ta sí mi, wọ́n ń béèrè orúkọ ẹnìkejì mi nínú ọkọ̀. Títí di òní, inú ń bí mi sí gbogbo wọn.

Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè iye owó, ẹ béèrè bóyá ẹ̀yin nìkan lè gbé ọkọ̀ náà dìde. Ẹ ní kí olùtà jẹ́ kí ẹ dà á ṣubú sínú omi ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ kò le, kí ẹnìkan sì wà nítòsí yín. Bí ó bá kọ̀, ẹ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e dìde, ẹ tú okùn ìgbòkun sílẹ̀ pátápátá, ẹ yí imú ọkọ̀ sójú afẹ́fẹ́, kí afẹ́fẹ́ lè wọ abẹ́ ìgbòkun láti bá yín gbé e. Àpò kan wà tí a ń pọn omi sí, tí a sì ń gbé kọ́ èjìká láti fi kún ìwọ̀n ara ẹni. Ẹni tó bá jẹ́ kílò 65 gbọ́dọ̀ ní i. Ẹ má sì ṣe jọ̀wọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́, nítorí pé ọkọ̀ tó dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ń bá afẹ́fẹ́ lọ kíákíá ju bí ènìyàn ti lè lúwẹ̀ẹ́ lọ.

Sprint 15, ọkọ̀ oníkùn méjì tó kéré ju Hobie 16 lọ, ni mo ń tù báyìí, èyí tí wọ́n ń pè ní Dart 15 nígbà kan rí, òun náà ni mo sì fẹ́ kí ẹ wá. Rodney March ló ya àwòrán rẹ̀, ẹni kan náà tó ya Tornado, ọkọ̀ oníkùn méjì tí wọ́n fi díje ní Olympics láti 1976 títí di 2008. Mítà 4.54 ni gígùn rẹ̀, kò ní pákó tí a ń tì bọ inú omi, kò ní igi lábẹ́ ìgbòkun tó lè gbáni lórí, ìgbòkun ńlá nìkan sì ni ẹni tó bá dá wà nínú rẹ̀ ń ta. Mo ti gbé e dìde ní èmi nìkan ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Àwọn tó bá ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí ní Amẹ́ríkà lè wá Hobie Wave, tó jẹ́ ike líle, tó sì wúwo tó kílò 111. Títo òpó àti ìgbòkun kò le, ẹ óò mọ̀ ọ́n láàárín ọjọ́ kan. Kí ẹ ṣáà wòkè kí ẹ tó gbé òpó dìde, nítorí wáyà iná. Tí ẹ bá fẹ́ yíjú ọkọ̀ gba inú afẹ́fẹ́ kọjá, ẹ má ṣe já ìtọ́kọ̀ lójijì. Bí ọkọ̀ bá dúró tó sì ń padà sẹ́yìn, ẹ yí ìtọ́kọ̀ sí òdìkejì.

Ẹ̀wù ìléfòó tó ń fẹ́ fúnra rẹ̀ bí ó bá kan omi ni wọn yóò fẹ́ tà fún yín, nítorí pé ó wọ́n. Ẹ má rà á. Bí ọkọ̀ bá dojúdé tí ẹ sì wà lábẹ́ aṣọ líle tí a nà sáàárín ikùn méjèèjì, yóò tì yín mọ́ aṣọ náà, kò sì ní jẹ́ kí ẹ lè rì díẹ̀ láti yọ jáde. Èyí tó ní fóòmù nínú ni kí ẹ lò, lórí aṣọ rọ́bà tó nípọn. Kí rédíò VHF, tí àwọn atukọ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, wà ní àyà yín fúnra yín, kí ẹ sì mọ̀ pé ìkànnì 16 ni a fi ń ké fún ìrànlọ́wọ́.

Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ojú ikùn ọkọ̀ àlòkù káàkiri. Bí ibì kan bá ń tẹ̀ wọlé, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ pààrọ̀ gbogbo wáyà tó di òpó mú, ohun yòówù kí olùtà sọ nípa wọn.

Ní Southend, omi ń fà kúrò ní etíkun ju kìlómítà kan lọ, ìdí nìyẹn tí èbúté gígùn wọn fi gùn tó kìlómítà 2.16. Ẹ jáde nígbà tí omi bá ń kún, kí ẹ sì ti padà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Bí ẹrẹ̀ bá mú ọkọ̀ yín, ẹ jókòó sínú rẹ̀, kí ẹ sì ké sí Coastguard, àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun. RNLI ní ọkọ̀ tó ń rá lórí ẹrẹ̀ níbẹ̀, ẹsẹ̀ ènìyàn kò lè la ẹrẹ̀ náà kọjá.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé mọ́tò yín. Ìwé mọ́tò náà ni yóò sọ ìwọ̀n tó lè fà. Mọ́tò kékeré ni mo fi fa tèmi wá láti Kent, òpó yọ jáde lẹ́yìn, mo sì so aṣọ pupa mọ́ ọn. Láti ìgbà náà, mo ń san owó kí ó máa wà ní etíkun, n kò sì tún fà á mọ́.