Ṣé kí n kúrò ní ìjọ tí ìwàásù rẹ̀ kò wọ̀ mí létí mọ́?

ÌBÉÈRÈ

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Akúrẹ́ ni mò ń gbé, ní Òkè-Ìjẹ̀bú, aṣọ ni mò ń rán. Ó pé ọdún 19 tí èmi àti ọkọ mi ti wà nínú ìjọ wa, díákónì sì ni ọkọ mi níbẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé pásítọ̀ tuntun wá fún wa ní ọdún méjì sẹ́yìn ni ọkàn mi kò ti balẹ̀ mọ́. Ó ní ọ̀run àpáàdì ni obìnrin tó bá wọ yẹtí ń lọ. Ó ní ẹni tí kò bá san ìdámẹ́wàá wà lábẹ́ ègún, ó sì máa ń ka orúkọ àwọn tó san lóṣooṣù. Èyí tó dùn mí jù ni pé ó sọ fún àbúrò mi obìnrin, tí Ọlọ́run kò tíì fún lọ́mọ, pé ìyá wa tó wà ní Òndó ló so inú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà àbúrò mi kò dé Òndó mọ́. Ọkọ mi ní kí n gbójú fò ó, pé ìjọ kì í ṣe ti pásítọ̀. Àmọ́ bí mo bá jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́, inú ló kàn ń bí mi. Ṣé kí n kúrò ni, àbí kí n máa fara dà á?

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ìfaradà, ìyá. Nǹkan mẹ́ta ni ẹ dì sínú àpò kan yìí, wọn kò sì wúwo bákan náà. Bí ẹ bá gbé àpò náà bẹ́ẹ̀ lọ bá pásítọ̀, ọ̀rọ̀ yẹtí ni yóò fà yọ. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti máa jiyàn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kò ní sí ẹni tó máa dárúkọ màmá.

Ẹni tó ń se ìrẹsì ìbílẹ̀ mọ̀ pé òkúta wà nínú rẹ̀. A ó ṣà á, a ó sè é, bí ọ̀kan bá ṣì bọ́ sí wa léyín, a ó tutọ́ rẹ̀ dànù, a ó máa jẹun lọ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀tápiápiá bá dà sínú ìkòkò, ta ló ń ṣa ìyẹn?

Yẹtí, òkúta ni. Nínú Róòmù orí 14, àwọn kan ń jẹ ẹran, àwọn kan kò jẹ ẹ́, àwọn kan ń ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀, àwọn kan ní ọjọ́ gbogbo dọ́gba. Pọ́ọ̀lù kò ní kí wọ́n pín ìjọ sí méjì. Ẹ bọ́ ọ tí ẹ bá ń lọ síbẹ̀, ẹ fi í sí etí tí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù yín. Àwọn kan á ní àgàbàgebè nìyẹn. Tí mo bá lọ kí àwọn àna mi, mo máa ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú agbádá funfun, bẹ́ẹ̀ mi ò kí ń dọ̀bálẹ̀ nínú yàrá mi.

Ti ìdámẹ́wàá le díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi náà ń san án, nítorí náà kì í ṣe pé mo fẹ́ gbà yín sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Málákì 3 ni pásítọ̀ yín ń kà, ègún sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ Ísírẹ́lì tó wà lábẹ́ òfin Mósè ni wòlíì náà ń bá wí, ohun oko àti ẹran ọ̀sìn sì ni ìdámẹ́wàá wọn. Ẹ ka Diutarónómì 14 láti ẹsẹ 22, ẹ ó rí i pé àwọn tó mú un wá gan-an ń jẹ nínú rẹ̀ níwájú Olúwa, àti pé ní ọdún kẹta-kẹta, ti ọmọ Léfì, àlejò, ọmọ òrukàn àti opó ni. Mi ò tíì gbọ́ pásítọ̀ tó ń ka ègún Málákì tó tún ka ìyẹn mọ́ ọn lọ́jọ́ kan náà. Gálátíà 3:13 sì ní Kristi ti rà wá padà kúrò lábẹ́ ègún òfin. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ni pé kí Kristẹni mú ìdá kan nínú mẹ́wàá wá, kò burú, ó lè kọ́ni bẹ́ẹ̀. Kó má kàn fi ègún dẹ́rù ba opó tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Ọjà Ọba. Ní ti orúkọ kíkà, Jésù fúnra rẹ̀ sọ nínú Mátíù 6 pé kí ọwọ́ òsì má mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe. Ọ̀rọ̀ tí ẹ lè béèrè ní kíláàsì Bíbélì nìyí. Kò tíì tó ohun tí èèyàn ń torí rẹ̀ kó ẹrù.

Ó wá ku ìyá yín. Ọ̀tápiápiá nìyẹn.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ ẹsẹ Bíbélì tí èmi àti pásítọ̀ yín lè yàtọ̀ lórí rẹ̀ kí a ṣì jọ jẹun. Ẹ̀rí èké sí ọmọnìkejì ni, òfin mẹ́wàá sì ti sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀. Ó tún lòdì sí òfin ìlú. Abala 210 nínú Criminal Code ilẹ̀ wa sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti pe èèyàn ní àjẹ́ tàbí láti ní ó ní agbára àjẹ́, ẹ̀wọ̀n ọdún 2 sì wà fún un. Mi ò ní kí ẹ lọ pe ọlọ́pàá o. Mo kàn fẹ́ kí ọkọ yín mọ̀ pé ohun tó ní kí ẹ gbójú fò kì í ṣe ohun kékeré. Ìyá kan wà ní Òndó tí kò mọ ohun tó ṣe tí ọmọ rẹ̀ ò fi wá wò ó mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n béèrè nǹkan kan, kí ẹ má bínú: ṣé wọ́n ti yẹ ọkọ àbúrò yín wò? Mo ti gba tọkọtaya púpọ̀ lálejò lórí ọ̀rọ̀ àìrọ́mọbí, obìnrin ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, lẹ́yìn náà ìyá obìnrin, lẹ́yìn náà ìyá ọkọ. Ọkùnrin ló máa ń gbẹ̀yìn, tí wọ́n bá tilẹ̀ rántí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìṣòro náà lè wà lára ọkùnrin gẹ́gẹ́ bó ṣe lè wà lára obìnrin, àyẹ̀wò àtọ̀ sì rọrùn ju ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe fún obìnrin lọ. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni UNIMED wà ní Òndó, ó wà ní Akúrẹ́ níbí. Kí àwọn méjèèjì jọ lọ. Àdúrà kò ní kí wọ́n má lọ.

Ṣé kí ẹ wá kúrò? Ẹ má tíì dìde. Kì í ṣe àṣìsọ pásítọ̀ ni mo fi ń mọ ìjọ tó ṣeé gbé. Gbogbo wa là ń ṣì sọ lórí pẹpẹ. Èmi náà ní ìwàásù méjì mẹ́ta tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rán mi létí. Ohun tí mo máa ń wò ni bí wọ́n ṣe ń ṣe sí ẹni tó bá béèrè ọ̀rọ̀.

Ẹ rántí Hánà. Èlì àlùfáà rí i tó ń gbàdúrà, ó ní ó ti mutí yó. Àlùfáà àgbà ni o, nínú ilé Ọlọ́run, ó sì fi ẹ̀sùn tí kò rí bẹ́ẹ̀ kan obìnrin tó ń wá ọmọ. Hánà kò bú u, kò sì gbé e mì. Ó ní rárá o, olúwa mi, obìnrin oníròbìnújẹ́ ni mí. Kí ni Èlì ṣe? Ó gba ọ̀rọ̀ náà, ó ní kó máa lọ ní àlàáfíà, ó súre fún un. Èlì ní àbùkù tirẹ̀ púpọ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ nìkan tó ìwé kan, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn ó gba àtúnṣe.

Ẹ tún wo Àpólò nínú Ìṣe Àwọn Àpósítélì 18. Ọ̀rọ̀ dá lẹ́nu rẹ̀, ó mọ Ìwé Mímọ́, àmọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò pé. Ákúílà àti Pírísílà ló gbọ́ ọ. Àgọ́ ni tọkọtaya yìí ń pa fún iṣẹ́ òòjọ́, èyí tó fi jẹ́ pé iṣẹ́ wọn àti tiyín kò jìnnà síra. Wọn kò dìde láàárín ìsìn, wọn kò sì lọ sọ ọ́ ní ìsọ̀ aládùúgbò. Wọ́n mú un sọ́dọ̀, wọ́n là á yé e dáadáa.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin àti díákónì ṣe nìyẹn. Ẹ pe pásítọ̀ wá sílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹ fún un lóúnjẹ. Ẹ má mẹ́nu ba yẹtí, ẹ má mẹ́nu ba ìdámẹ́wàá. Ẹ má sọ pé “ìwàásù yín kì í yé wa mọ́.” Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kí ẹ sọ: “Pásítọ̀, ohun tí ẹ sọ nípa ìyá wa, báwo ni ẹ ṣe mọ̀ ọ́n? Ṣé ẹ lè bá wa dé Òndó lọ sọ ọ́ lójú wọn?” Ọkọ yín ni kó sọ ọ́, nítorí díákónì ni, kí ẹ̀yin sì wà níbẹ̀.

Bí ó bá ní òun ṣì sọ, tó sì pe àbúrò yín láti yí i padà, ẹ jókòó sí ìjọ yín. Ẹ máa ṣa òkúta yẹtí lọ. Bí ó bá ní Ẹ̀mí ló sọ fún òun, pé ìbéèrè yín gan-an ni ọ̀tẹ̀, pé kí ẹ má fọwọ́ kan ẹni àmì òróró, ẹ rọra dá a lóhùn pé Orin Dáfídì 105 ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wá, àwọn ọba ni Ọlọ́run sì ń kìlọ̀ fún kí wọ́n má ṣe àwọn baba ńlá Ísírẹ́lì ní ibi nígbà tí wọ́n ń ṣe àtìpó. Kò sí níbẹ̀ pé kí ọmọ ìjọ má béèrè ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ gòkè. Ìjọ tí wọ́n ti ń gbé pásítọ̀ wá ni tiyín, ẹnìkan wà lókè rẹ̀ tó lè gbọ́ ẹjọ́. Mátíù 18 ní kí ẹ mú ẹlẹ́rìí kan tàbí méjì dání. Ọ̀pọ̀ tó ń kọ̀wé sí mi kò ní irú àǹfààní yìí: ìjọ tí ẹnìkan dá sílẹ̀, tí ìyàwó rẹ̀ ń tọ́jú owó, tí àbúrò rẹ̀ jẹ́ akọ̀wé, ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n fẹ́ gbẹ́jọ́ lọ? Ẹ fún àwọn tó wà lókè ní oṣù mẹ́ta. Bí àwọn náà bá ní òótọ́ ló sọ, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí pásítọ̀ kan, ó ti di ẹ̀kọ́ ìjọ. Ẹ dìde nígbà náà, kí ẹ má wẹ̀yìn.

Kíkúrò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ní 1918, àwọn kan nínú ìjọ Anglican ní Ìjẹ̀bú-Òde dá ẹgbẹ́ àdúrà tí wọ́n ń pè ní Precious Stone sílẹ̀. Wọn kò gba ìrìbọmi ọmọ ọwọ́, wọn kò sì gba oògùn lílò. Inú ìjọ wọn ni wọ́n ṣì wà fún bí ọdún mẹ́rin, títí ọ̀nà fi pín ní 1922. Ara irúgbìn yẹn ni CAC, tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní 1943, ti wá. Èmi kò gbà pẹ̀lú wọn lórí oògùn, mo sì máa sọ fún ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ní kó má lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru pé kó kúrò níbẹ̀ lónìí, kó má dúró de oṣù mẹ́ta kankan. Àmọ́ ẹ wò ó, wọ́n lè fìka tọ́ka sí ohun tí wọ́n ń torí rẹ̀ lọ.

Kì í rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ọmọ Ìkàrẹ́ tiwa níbí ni Moses Orímọládé, tí òun àti Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n bẹ̀rẹ̀ Kérúbù àti Séráfù ní 1925. Nígbà tó fi máa di 1929 wọ́n ti pínyà, ọ̀rọ̀ ta ni olórí sì ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́. Èmi náà, nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, mo bínú kúrò ní ìjọ kan ní Òndó. Mo sọ fún gbogbo ayé pé ìwàásù ibẹ̀ kò jinlẹ̀. Irọ́ ni. Wọn kò fi mí ṣe olórí ẹgbẹ́ akọrin ni. Nítorí náà kí ẹ wádìí ara yín dáadáa: bí pásítọ̀ àtijọ́ tí ẹ fẹ́ràn ló sọ ọ̀rọ̀ yìí nípa ìyá yín, ṣé ẹ ó ṣì kọ̀wé sí mi?

Bí ó bá wá di kíkúrò, ẹ san gbèsè ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí ẹ bá jẹ, ẹ dá kọ́kọ́rọ́ àti owó ẹgbẹ́ padà, ẹ gba lẹ́tà tó fi hàn pé ọmọ ìjọ ni yín tẹ́lẹ̀. Ẹ má kó àwọn obìnrin dání. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìpàdé àdúrà ní pálọ̀ yín, mo bẹ̀ yín. Pátákó ìjọ tó wà ní àdúgbò yín ti tó. Ibi tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ jókòó sẹ́yìn níbẹ̀ fún bí oṣù kan, ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ìyá arúgbó, ẹ béèrè bóyá wọ́n máa ń ka ìṣírò owó sétí ìjọ lọ́dọọdún. Bí díákónì bá ní òun kò lọ, ẹ má jẹ́ kó di ìjà ilé. Mo mọ tọkọtaya tí wọ́n ń jáde láti ilé kan lọ sí ìjọ méjì, tí wọ́n sì jọ ń gbàdúrà ní òwúrọ̀. Kò dára tó, àmọ́ ilé kò tú.

Ìyókù lè dúró de ìpàdé pẹ̀lú pásítọ̀, ti màmá kò lè dúró. Ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí, ẹ ti ṣọ́ọ̀bù, ẹ lọ mú àbúrò yín nílé, ẹ jọ wọ mọ́tò Òndó. Ẹ má sọ ohun tí pásítọ̀ sọ fún màmá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gúnyán fún yín, kí àbúrò yín sì jẹ ẹ́.