Bí èèyàn ṣe ń mọ alágbe tirẹ̀ nínú Dadakúàdà

Ẹ ní gbogbo alágbe (ìyẹn olórí akọrin) nínú Dadakúàdà, orin ìbílẹ̀ àwọn ará Ìlọrin, ń dún bákan náà létí yín, pé ẹ ò mọ èwo lẹ máa mú nínú Odòlayé Àrẹ̀mú, Jáígbadé Àlàó àti Ọmọékeè Àmàó. Etí yín ò ní àìsàn o. Orin tí wọ́n kó fún yín ló ṣeé ṣe kó má dáa, ó sì lè jẹ́ pé orin lẹ ń wá níbi tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ.

Ẹ kọ́kọ́ wo fáìlì náà. Àwọn tó ń kó orin sí mẹ́mọ̀rì lọ́jà máa ń fún un pọ̀ kó lè gba púpọ̀. Ojú kan àwo ńlá àtijọ́ máa ń tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 20. Bó bá jẹ́ 128 kbps (ìwọ̀n bí wọ́n ṣe fún orin pọ̀ tó), ìyẹn á tó MB 19. Tẹ́ ẹ bá rí i pé MB 5 péré ni, ẹ má fi dán alágbe kankan wò: ìlù á ti di ariwo, gbogbo «ṣ» á sì máa hó bí ìgbà tí omi bá kán sínú epo gbígbóná.

Eré kásẹ́ẹ̀tì, ìyẹn bó ṣe ń yára sí, náà tún wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí bẹ́líìtì rẹ̀ ti rọ̀ kì í sáré bó ṣe yẹ nígbà tí wọ́n bá ń kó orin wọ kọ̀ǹpútà, ohùn á wúwo, orin á sì gùn sí i. Èyí tó sáré jù á sọ àgbàlagbà di ọmọdé. Ẹ wá ẹ̀dà méjì orin kan náà. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ìṣẹ́jú 20, tí èkejì jẹ́ 19, tí wọn ò sì gé orí tàbí ìdí rẹ̀, ọ̀kan ń parọ́. Yíyí eré lórí YouTube ò tún un ṣe, torí ó ń dá ohùn sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Audacity, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún ohùn ṣe, ni kẹ́ ẹ lò, níbi tó ti ń yí eré àti ohùn pa pọ̀. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ò ní yí ṣá, torí òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn jọ ń lọ ni. Àwọ̀ ohùn ló bàjẹ́, òun gan-an lẹ sì fẹ́ fi yan èèyàn.

Ó wá ku gbígbọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀jẹ̀, ìyẹn àwọn eléégún, ni Dadakúàdà ti ṣẹ̀, kò jìnnà sí iwì egúngún. Ẹni tó bá fi etí fújì gbọ́ ọ á máa retí ibi tí ìlù máa ti gbóná, kò sì ní gbóná. Ẹ mú ìṣẹ́jú 3 péré, kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lákọ̀ọ́kọ́, alágbe nìkan lẹ máa ṣọ́: níbo ló ti ń mí? Ẹlòmíì á to òwe mẹ́rin lémìí kan, ẹlòmíì á já ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kó lè jẹ́ kẹ́ ẹ rò ó. Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ gbọ́ elégbè, bóyá wọ́n ń gbè é tàbí wọ́n ń tẹ ìrù ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ fi íapíìsì sétí nítorí ìlù. Ẹnu fóònù kì í gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde dáadáa, ohun tí gángan ń sọ sì lè má yé yín dáadáa. Ẹ dá a dúró, kẹ́ ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rò pé ìlù sọ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbọ́ èsì alágbe.

Nígbà míì, oríkì olówó nìkan lẹ máa bá lójú àwo kan. Ẹ má fò ó, àmọ́ ẹ má fi dá alágbe lẹ́jọ́: oúnjẹ rẹ̀ nìyẹn.

Ní ti Odòlayé, tó kú ní 1997, mi ò ní kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ mú un ṣáájú. Ẹ̀dà ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀, ìtàn ló sì dì sínú rẹ̀. Ó kọrin nípa Adégòkè Adélabú, olóṣèlú Ìbàdàn tí jàǹbá ọkọ̀ pa ní 1958, àti Ládòkè Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí wọ́n pa ní oṣù kìíní 1966. Ẹni tí kò mọ ìjà òṣèlú ìgbà yẹn á kàn gbọ́ ohùn dídùn ni. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti rú yín lójú, àgbàlagbà Ìlọrin gan-an ni kẹ́ ẹ bi, kì í ṣe ti Ìbàdàn, torí ẹ̀ka èdè ibẹ̀ àti ọ̀rọ̀ Haúsá òun Lárúbáwá máa ń wọnú rẹ̀.

Ẹ wá orin tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kí òkú tàbí ti ki ẹnì kan, kẹ́ ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ mẹ́wàá, kẹ́ ẹ má da wọ́n pọ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ń bọ́ sí yín lẹ́nu nígbà tí fóònù wà níbi tẹ́ ẹ ti ń gba iná sí i, òun ni tiyín. Bó bá sì jẹ́ onílù lẹ fẹ́ràn ju alágbe lọ, kò burú, ó máa ń ṣẹlẹ̀ dáadáa. Alágbe máa ń dárúkọ onílù rẹ̀ láàárín orin. Ẹ máa ṣọ́ orúkọ tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Àyàn, kẹ́ ẹ wá ibòmíì tó ti lùlù.