Kí Ẹ Tó Ra Ẹ́ńjìnnì Mìíràn fún Corolla Tó Ń Gbóná

Ọ̀gá wa tó ra Corolla 2004 ní Ìkòròdú sọ pé bí òun bá ti bọ́ sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti Májídùn dé Mile 12, ọwọ́ gèèjì ìgbóná á gòkè dé ojú pupa, àmọ́ bí ọ̀nà bá là tí mọ́tò sáré díẹ̀, á tún sọ̀ kalẹ̀. Omi kì í fi bẹ́ẹ̀ dín, kò sí èéfín. Ó tún béèrè nípa ọ́ìlì tó ń dín àti bí mọ́tò ṣe ń gbọ̀n lórí ìdúró. Síbẹ̀ mẹkáníìkì ní gásíkẹ́ẹ̀tì (ìdè pẹlẹbẹ tó wà láàárín tọ́ọ̀pù sílíńdà, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì, àti búlọ́ọ̀kì) ti jó, pé kí wọ́n lọ ra ẹ́ńjìnnì Tòkunbọ̀ ní Owódé Onírin. Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kówó yẹn jáde. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ohun tí ẹ ṣàlàyé yẹn kò jọ gásíkẹ́ẹ̀tì rárá, fáànù ló jọ.

Ìgbà tí mọ́tò ń gbóná ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣọ́, kí ẹnikẹ́ni tó mú sípánà. Tó bá jẹ́ orí ìdúró ló ti ń gbóná, tó sì ń tutù lórí eré, afẹ́fẹ́ ni kò kọjá lára rédíétọ̀ bó ṣe yẹ. Tó bá jẹ́ orí eré gan-an ló ti ń gbóná, bíi kẹ́ ẹ máa sáré lọ sí Ṣágámù, omi ni kò lọ dáadáa: rédíétọ̀ ti dí nínú, tẹ́mọ́sítátì (ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí fún omi nígbà tó bá gbóná) kò ṣí tán, tàbí abẹ wọ́tà pọ́ǹpù ti jẹ. Tí omi bá ń dín lójoojúmọ́ tí ẹ kò rí ojú ibi tó ń jò, tàbí tí mọ́tò gbóná láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan tí ẹ sítáàtì í láàárọ̀, ìgbà yẹn la tó ń dárúkọ gásíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ sítáàtì mọ́tò, ẹ tan AC. Fáànù gbọ́dọ̀ yí. Tó bá ń yí pẹ̀lú AC àmọ́ tí kì í yí fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, fáànù kò ní wàhálà, sẹ́ńsọ̀ omi tàbí wáyà rẹ̀ ni kẹ́ ẹ tọ pinpin. Tí kò bá yí rárá, ẹ yọ fíúsì rẹ̀ wò, kẹ́ ẹ sì fi riléè (swíìṣì kékeré tó ń fi iná ránṣẹ́) mìíràn tó jọ ọ́ nínú àpótí fíúsì kan náà pààrọ̀ tirẹ̀. Tó bá ṣì kọ̀, ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì fáànù, kẹ́ ẹ fa wáyà méjì láti bátìrì bá a tààrà. Tó bá yí, iná ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tí kò bá yí, tàbí tó ń fa ẹsẹ̀, bọ́rọ̀ọ̀ṣì inú rẹ̀ ti jẹ tán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ wo inú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì: tí ike rẹ̀ bá ti yọ́, tàbí tí bàbà inú rẹ̀ ti ní àwọ̀ ewé, fáànù á máa yí lóòótọ́, àmọ́ agbára rẹ̀ kò ní pé.

Ẹ̀tàn kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fura sí. Fáànù ń yí, gbogbo ojú rí i pé ó ń yí, mọ́tò ṣì ń gbóná. Ẹ mú abala ìwé ìròyìn kan, ẹ gbé e sún mọ́ iwájú mọ́tò níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ẹ̀yìn rédíétọ̀ ni fáànù Corolla wà, fífà ló ń fa afẹ́fẹ́, nítorí náà ìwé yẹn gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ típẹ́típẹ́. Tó bá ń tì í padà sọ́wọ́ yín, ọmọ rìwáyà tó fọwọ́ kàn án gbẹ̀yìn ti gbé wáyà méjèèjì sódì. Ẹ pààrọ̀ ojú wáyà náà, iṣẹ́ parí. Ẹ tún wo ike ńlá tó yí fáànù ká. Mẹkáníìkì míì máa ń yọ ọ́ kó lè ráyè ṣiṣẹ́, kò sì ní dá a padà. Láìsí i, ibi tí fáànù ti kàn nìkan ni afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, ìyókù rédíétọ̀ ń dúró lásán.

Eruku àti ẹrọ̀fọ̀ ọ̀nà Ìgbógbó àti Ìjẹ̀dé kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Àárín rédíétọ̀ àti kọ́ńdẹ́ńsà AC ni ìdọ̀tí máa ń pọ̀ sí, ẹni tó bá wò ó láti iwájú kò ní rí i. Láti ìhà ẹ́ńjìnnì ni kẹ́ ẹ ti fi omi fọ̀ ọ́ síta, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ má jẹ́ kí àwọn tó ń fọ mọ́tò yin ẹ̀rọ olómi líle sí i, ewé wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ á tẹ̀, kò sì ní náà mọ́.

Tẹ́mọ́sítátì ni irọ́ pọ̀ lórí rẹ̀ jù. Mọ́tò tó bá ti ń gbóná, òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ já sọ nù, wọ́n á ní ilẹ̀ wa gbóná, pé òyìnbó ló nílò rẹ̀ nítorí òtútù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì Corolla yìí, 1ZZ-FE, nǹkan bíi dígírì 82 ni tẹ́mọ́sítátì rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, kò sì sí ọ̀sán Ìkòròdú kan tó gbóná tó ìyẹn. Ẹ já a, kọ̀ǹpútà mọ́tò á rò pé ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, á máa da epo sí i, bẹntiróòlù á máa tán wéré, iná ẹ́ńjìnnì á tàn pẹ̀lú kòdù P0128. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan, ìdí tẹ́mọ́sítátì náà ló ń dí ọ̀nà àbùjá tí omi gbígbóná lè gbà yẹ rédíétọ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, apá kan omi á máa yí po nínú ẹ́ńjìnnì láìdé rédíétọ̀, ooru tí ẹ ń sá fún á tún lé sí i.

Ilé ìdáná ni wọ́n ti ń dán an wò. Ẹ so ó mọ́ okùn, ẹ rì í sínú ìkòkò omi lórí iná, kó má kan ìdí ìkòkò. Kí omi tó hó, ó yẹ kó ti máa lanu. Nígbà tí omi bá sún mọ́ híhó yaya, kó ti là tó mìlímítà 10 ó kéré tán. Tó bá lanu díẹ̀ tó dúró, tàbí tí kò pa ẹnu dé lẹ́yìn tó tutù, ẹ ra òmíràn, tuntun, kì í ṣe Tòkunbọ̀. Nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, ẹ jẹ́ kí fáàfù kékeré etí rẹ̀ tó ń mì wà lókè, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde.

Ìdérí rédíétọ̀ náà kì í ṣe ìdérí lásán. Dígírì 100 ni omi ń hó, àmọ́ lábẹ́ ìdérí tó ń di agbára bíi 1.1 bar mú, ó máa dé nǹkan bíi 120 kó tó hó. Rọ́bà abẹ́ rẹ̀ tó bá ti ya tàbí tó ti le gbagidi, omi á máa hó ṣáájú àkókò, á máa dà sínú ike àpamọ́, kò sì ní padà. Àmì rẹ̀ nìyí: láàárọ̀, ike àpamọ́ kún, rédíétọ̀ sì ṣófo lókè. Ìdérí lẹ ó pààrọ̀ o, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Ẹ má sì ṣí i nígbà tó gbóná. Ẹ dúró tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ fi àkísà bò ó kẹ́ ẹ tó yí i. Ẹni tó bá da omi tútù sínú ẹ́ńjìnnì tó ń hó, tọ́ọ̀pù sílíńdà ló fẹ́ sán.

Omi kànga tí wọ́n ń dà sí rédíétọ̀ ló ń sọ inú rẹ̀ di ìpẹtà. Tí omi tó jáde bá pọ́n bí ilẹ̀ pupa, ẹ fi omi ṣàn án títí tó fi mọ́, kẹ́ ẹ wá da kúláǹtì sí i, ìdajì kúláǹtì, ìdajì omi mímọ́ (distilled water) tí wọ́n ń dà sí bátìrì, kì í ṣe ásíìdì. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ bíi lítà 6 sí 7. Afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ jáde: ẹ gbé imú mọ́tò sí ibi tó ga, ẹ ṣí ìdérí, ẹ tan ìmúgbóná inú mọ́tò dé ojú tó gbóná jù, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lórí ìdúró títí hóòsì ìsàlẹ̀ náà yóò fi gbóná, kẹ́ ẹ máa fún hóòsì òkè lọ́wọ́ bọ́ọ́lọ́bọ́ọ́lọ́. Afẹ́fẹ́ tó bá há sínú ń mú kí ọwọ́ gèèjì máa fò sókè fò sílẹ̀, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì á sì tún pe ìyẹn ní gásíkẹ́ẹ̀tì.

Tí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tí ara yín kò tíì balẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì ní ẹ̀rí tirẹ̀. Láàárọ̀ tí ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ ṣí rédíétọ̀, ẹ kún un, ẹ sítáàtì: tí èéhó bá ń jáde láìdáwọ́ dúró, tàbí tí ẹ dé e padà tí hóòsì òkè le gbagidi láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì nígbà tí omi ṣì tutù, èéfín inú sílíńdà ti ń bọ́ sínú omi. Ọ́ìlì orí dípúsítíìkì tó bá funfun jẹ́ ẹ̀rí pẹ̀lú. Ìfófòó funfun abẹ́ ìdérí ọ́ìlì nìkan kì í ṣe ẹ̀rí, pàápàá tó bá jẹ́ pé láti ilé dé Sábó ni mọ́tò ń lọ lójoojúmọ́; ìrì ni.

Ẹ ní kí wọ́n wọn kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n, ìyẹn agbára tí písítọ́ọ̀nù fi ń fún afẹ́fẹ́ inú sílíńdà pọ̀. Kí wọ́n yọ pílọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n yọ fíúsì EFI kí epo má bàa máa wọlé, kí ẹnì kan tẹ tọ́rótù mọ́lẹ̀, kí wọ́n kíráǹkì í bí ìgbà márùn-ún sí mẹ́fà. Tí kò bá tó nǹkan bíi 145 psi lórí gèèjì, ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀. Kò sì yẹ kí sílíńdà kan fi ju 15 psi ju èkejì lọ. Tí méjì tó fẹ̀gbẹ́ kanra bá jọ wálẹ̀, àárín wọn ni gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó. Tí ọ̀kan ṣoṣo bá wálẹ̀, ẹ kán ọ́ìlì ṣíbí kan sí i, kẹ́ ẹ tún un wọ̀n: tó bá gòkè, ríǹgì ni, tí kò bá gòkè, fáàfù tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì.

Tó bá jẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì, nígbà tí wọ́n bá sọ tọ́ọ̀pù sílíńdà kalẹ̀, ẹ dúró tì wọ́n. Kí wọ́n fi irin tó tọ́ àti féélà (abẹ wẹ́wẹ́ tó ń wọn àlàfo) wọn ojú tọ́ọ̀pù sílíńdà. Tó bá ti wọ́ ju mìlímítà 0.05 lọ, ó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń lọ̀ ọ́. Gásíkẹ́ẹ̀tì ògbólógbòó kò gbọ́dọ̀ padà, gọ́ọ̀mù kò sì ní nǹkan ṣe níbẹ̀. Bọ́ọ̀tì mẹ́wàá ni, láti àárín lọ síta ni wọ́n ń dì wọ́n, díẹ̀díẹ̀: títí dé 49 Nm, lẹ́yìn náà kí wọ́n fi ọ̀dà sàmì sórí bọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n yí i ní dígírì 90 sí i. Mẹkáníìkì tó bá ní ọwọ́ òun mọ̀ ọ́n láìsí tọ́ọ̀kì-rẹ́ǹṣì (sípánà tó ń wọn agbára tí ẹ fi ń dì í), ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ẹni tó bá sì ní Camry Big Daddy oní 2.4, 2AZ-FE, kó mọ̀ pé ojú ìlọ́ bọ́ọ̀tì ẹ̀yìn nínú búlọ́ọ̀kì rẹ̀ máa ń fà yọ. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun kò ní wo ìyẹn sàn, àfi kí wọ́n gbẹ́ ihò náà kí wọ́n fi ojú ìlọ́ irin sí i.

Ẹ tún béèrè nípa ọ́ìlì tó ń dín. 1ZZ-FE tó ṣáájú nǹkan bíi 2005 ni a mọ̀ mọ́ jíjẹ ọ́ìlì: ihò tí ọ́ìlì ń gbà padà lára písítọ́ọ̀nù kéré, ó máa ń dí, ríǹgì á wá lẹ̀. Èéfín búlúù láàárọ̀ tàbí nígbà tí ẹ bá tẹ tọ́rótù lẹ́yìn ìdúró pípẹ́ ni àmì rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ yọ fáàfù PCV (èyí tí èéfín inú ẹ́ńjìnnì ń gbà padà wọlé láti jó), ẹ mì í. Tí kò bá dún kẹrẹkẹrẹ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ọ́ìlì rẹ̀ pẹ̀lú fílítà jẹ́ lítà 3.7, nítorí náà ẹ má da kẹ́ẹ̀gì lítà 4 sí i tán. Ọ́ìlì 20W-50 tí wọ́n máa ń rọ́ sí i kí èéfín lè dín ki jù fún VVT-i, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi agbára ọ́ìlì yí àkókò tí fáàfù ń ṣí padà. 10W-40 ni mo máa dúró lé lórí ẹ́ńjìnnì tó ti rin ọ̀nà jíjìn.

Ti pé ó ń gbọ̀n lórí ìdúró, ẹ má ra kọ́ìlì (tó ń fi iná sí pílọ́ọ̀gì) mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Tí sikánà (ẹ̀rọ tó ń ka kòdù) bá ní P0301, sílíńdà 1 ni. Ẹ gbé kọ́ìlì rẹ̀ sí 3, ẹ pa kòdù rẹ́, ẹ wa mọ́tò. Tó bá di P0303, kọ́ìlì yẹn ló kú. Tó bá dúró sí P0301, ẹ wo pílọ́ọ̀gì, àlàfo ẹnu rẹ̀ yẹ kó jẹ́ mìlímítà 1.1. Tí ọ́ìlì bá kún ihò pílọ́ọ̀gì, gásíkẹ́ẹ̀tì ìbòrí fáàfù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe.

Tí kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n bá wá jẹ́rìí pé ẹ́ńjìnnì ti lọ lóòótọ́, ẹ lọ sí Owódé pẹ̀lú mẹkáníìkì yín àti gèèjì kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n. Ẹ yọ pílọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lójú ẹni tó ń tà á. Èyí tó dúdú tó sì tutù fún ọ́ìlì ń sọ pé ẹ́ńjìnnì náà ń jẹ ọ́ìlì. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì: inú tó ní àwọ̀ oyin dáa, èyí tí ọ̀rá dúdú lẹ̀ mọ́ kò dáa. Ẹ fi sípánà yí kíráǹkì (ọ̀pá ńlá tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì), kó yí po láìhá níbì kankan. Kí ọjọ́ tí ẹ lè fi dá a padà wà nínú ìwé ẹ̀rí owó, kí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì náà sì wà níbẹ̀. Nígbà tó ṣì wà nílẹ̀ lásán, ẹ pààrọ̀ wọ́tà pọ́ǹpù rẹ̀, tẹ́mọ́sítátì, síìlì ẹ̀yìn kíráǹkì àti bẹ́líìtì, torí síìlì ẹ̀yìn yẹn, tí ẹ bá fi sílẹ̀ tó bá wá ń jò, jíà ni wọ́n máa tún sọ̀ kalẹ̀ kí ọwọ́ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.