Má tíì jù ú nù: oògùn tó ń dènà túúlu kì í yára ṣiṣẹ́

Àbúrò mi tó wà ní Ọ̀fà, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní túúlu, ẹ̀fọ́rí tí òyìnbó ń pè ní migraine, ń mú ọ tó ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, dókítà kọ propranolol fún ọ, ẹni tó tà á sì sọ pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni. O ti lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì, orí ò tíì sinmi, o fẹ́ jù ú nù. Jọ̀ọ́, má tíì jù ú nù. Ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn, odindi ọdún kan ni mo fi jìyà rẹ̀.

Aránṣọ ni mí ní Tanke, nílùú Ìlọrin. Kí túúlu tèmi tó dé, ojú ni mo fi ń mọ̀. Ìlà kan á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mò ń wò, á máa tàn yẹ́ríyẹ́rí, á rí págunpàgun bí eyín ayùn, n ò ní rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Tó bá tó ìṣẹ́jú 20, ẹ̀gbẹ́ òsì orí mi á bẹ̀rẹ̀ sí í lù gbì-gbì. Màá tẹ́ ẹní sábẹ́ tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, màá fi ìborùn bojú, torí n kì í lè gba ìmọ́lẹ̀ àti ariwo jẹnẹrétọ̀ sára. (Bí ìwọ náà bá ń rí irú ìlà bẹ́ẹ̀, sọ fún dókítà kí o tó lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí oníhóró, torí àwọn kan nínú rẹ̀ lè mú kí rọpárọsẹ̀ tètè ṣe ẹni tó ní in.)

Ibà ni wọ́n ń tọ́jú fún mi ní ilé ìwòsàn kan fún ọdún mẹ́rin. Ìyá ọkọ mi gba hàǹtú wá, mo mu ún, mo sì ṣe àmín. Ohun tó ba nǹkan jẹ́ jù ni oògùn ara ríro tí mò ń gbé mì lójoojúmọ́. Ẹni tó bá ń lo paracetamol lásán tó ọjọ́ 15 lóṣù, tó sì ń bá a bẹ́ẹ̀ ju oṣù mẹ́ta lọ, oògùn yẹn fúnra rẹ̀ lè di ohun tó ń fọ́ ọ lórí. Ti alápòpọ̀ (hóró kan tí wọ́n po oògùn ara ríro pọ̀ mọ́ òmíràn nínú rẹ̀) àti tramadol tún yá jù bẹ́ẹ̀, ọjọ́ 10 lóṣù ti tó. Ka tìrẹ, má tan ara rẹ. Tó bá ti pọ̀ tó báyìí, propranolol lè má rí àyè ṣiṣẹ́.

Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n fún mi ní propranolol, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni mo lò ó tí mo fi jáwọ́ lójijì. Lóru ọjọ́ kejì, àyà mi ń lù kìkì, ẹ̀rù bà mí gan-an. Èèyàn kì í já a lójijì, díẹ̀díẹ̀ ni dókítà fi ń dín in kù.

Dókítà tí mo wá bá ní UITH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin, ní Òkè-Òṣé, ló là mí lóye. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti lé ní 40 ọdún tí wọ́n ti ń fi dènà túúlu. Kì í ṣe oògùn tí à ń wá nígbà tí orí bá ń fọ́. Orí fọ́ o, orí ò fọ́ o, ojoojúmọ́ ni. Ó kọ́kọ́ bi mí bóyá mo ní ikọ́ fée, torí ó lè fún ọ̀nà èémí onítọ̀hún pa. Bí ẹnikẹ́ni ò bá bi ọ́ léyìí, tí o sì ní in, padà síbẹ̀ lónìí, má dúró dọ̀la.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ikọ́ fée. Amitriptyline 10 mg ni wọ́n fún òun, alaalẹ́. Ẹnu rẹ̀ máa ń gbẹ, oorun sì ń kùn ún láàárọ̀. Ẹnìkan sọ fún un pé oògùn wèrè ni, ó sunkún. Irọ́ ni. Ìwọ̀n kékeré báyìí, ẹ̀fọ́rí ló wà fún. Tó bá jẹ́ valproate tàbí topiramate, àwọn oògùn mìíràn tó ń dènà túúlu, ni wọ́n fẹ́ fún ọ, tí o sì lè lóyún, sọ ọ́ kíá, torí méjèèjì lè ṣe ọmọ inú léṣe.

Tèmi, propranolol 20 mg láàárọ̀, 20 mg lálẹ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó di 40 mg láàárọ̀, 40 mg lálẹ́. Ọmọ ìka mi ń tutù, ó sì ń rẹ̀ mí. Lọ́sẹ̀ karùn-ún, ọkàn mi fẹ́ kúrò níbẹ̀. Kàlẹ́ńdà tí mo gbé kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ló dá mi dúró: gbogbo ọjọ́ tí orí bá fọ́, màá fi báírò pupa yí i ká. Oṣù àkọ́kọ́, 13. Ìkejì, 10. Ìkẹta, 5, kò sì le tó ti tẹ́lẹ̀. Ká ní mi ò kọ ọ́ ni, ǹ bá búra pé kò ṣiṣẹ́, torí ọjọ́ tó fọ́ nìkan ni èèyàn ń rántí. Bó bá dín kù dé ìdajì, dókítà á ní ó ti ṣiṣẹ́ dáadáa.

Lóṣù Rámádánì, ebi àti òùngbẹ máa ń ru ú sókè. Mo ti kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀, mo wá ń lo ọ̀kan nígbà sàárì, ọ̀kan nígbà ìṣínu, n kì í sì í pa sàárì jẹ.

Nítorí náà wá kàlẹ́ńdà lónìí, sàmì sí i láti ọjọ́ tí o ti bẹ̀rẹ̀, kí o gbé e lọ bá dókítà rẹ tó bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Nígbà tí o bá dé Ìlọrin, yà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Tèmi ṣì wà lára ògiri, màá fi hàn ọ́.