Òkè Adó-Àwáyé lẹ́yìn àkọ́rọ̀ òjò

Àbúrò, o ní ẹ̀yin mẹ́fà fẹ́ láti Ìbàdàn lọ gun òkè Adó-Àwáyé ní ìparí Oṣù Kẹta, àti pé ẹni tó lọ ní Oṣù Kìn-ín-ní sọ fún yín pé ọ̀nà gbẹ táútáú, bàtà kánfáàsì ti tó. Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n òótọ́ ìgbà ọyẹ́ ni. Ọrùn-ọwọ́ òsì mi ni mo fi mọ ìyàtọ̀.

Àwa mẹ́rin la gbéra ní Mọ́níyà lọ́jọ́ náà, a gba ọ̀nà Ìsẹ́yìn. Ọkọ̀ dá wa dúró, aago mọ́kànlá ti fẹ́ẹ̀ lù ká tó dé ẹsẹ̀ òkè. Òjò kan ṣoṣo ló tíì rọ̀ lọ́dún náà. Bàbá tó mú wa gòkè wo ojú ọ̀run, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ká má pẹ́ lókè o. Ìlà-oòrùn ni kẹ́ ẹ máa wò." A ní a ti gbọ́, àmọ́ a ò kà á sí.

Àtẹ̀gùn tó wà níbẹ̀ lé ní 300, kò sì ní wàhálà. Òun gan-an ló ń tan èèyàn, torí bó bá ti tán, àpáta gbalasa ló kù, kò sí ohun tí ọwọ́ máa dì mú. (Bower's Tower tí o ní ẹ ti gùn ní Òkè Ààrẹ ní Ìbàdàn kò jọ ọ́ rárá, inú ilé ni àtẹ̀gùn tiẹ̀ wà.) A dé etí adágún Ìyákẹ́ tó wà lórí òkè náà, a jẹun, a ya fọ́tò, a tiẹ̀ sùn díẹ̀. Nígbà tó máa fi di aago mẹ́ta, ìlà-oòrùn ti ṣú dẹ̀dẹ̀. Ìjì ló kọ́kọ́ dé, ó da eruku bò wá. Ká tó kó ẹrù tán, òjò ti dé.

Gbogbo eruku tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbé wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà, orí àpáta yẹn ló sùn sí. Bó bá gbẹ, bí ìyẹ̀fun ló rí, bàtà ṣì lè bá a ṣe é. Kí òjò kán sí i báyìí, ọbẹ̀ ilá ni. Àwọn àmì dúdú tó lẹ̀ mọ́ àpáta, tí ẹ máa rò pé àwọ̀ òkúta ni, ohun tó ń hù ni; bó bá ti mu omi, ó ń yọ̀ nìyẹn. Ìdí tí àkọ́rọ̀ òjò fi burú ju òjò àárín ọdún lọ nìyí: kò tíì sí òjò kankan tó fọ eruku yẹn kúrò.

A ò tíì rìn jìnnà tí ẹsẹ̀ mi fi yọ̀. Mo na ọwọ́ òsì sílẹ̀, mo sì gbọ́ ìró egungun. Ìdí la fi wọ́ sọ̀kalẹ̀, bàbá wà níwájú, ó ń tọ́ka síbi tí ká fẹsẹ̀ sí lọ́kọ̀ọ̀kan. Mànàmáná ń kọ yẹ̀rì lórí wa, kò sì sí ohun tó ga jù wá lọ lórí àpáta náà. Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju ọwọ́ tó dá lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi wà nínú POP.

Nítorí náà, ìròyìn ọ̀nà tó bá ti ṣáájú òjò tó rọ̀ kẹ́yìn, ẹ má gbé e lé nǹkan kan. Ẹ pe ará ìlú náà ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ bi í bóyá òjò rọ̀. Bó bá rọ̀ mọ́jú, ẹ sún un síwájú. Ẹ kúrò ní Ìbàdàn ní ìdájí, kí ẹ sì ti sọ̀ kalẹ̀ kí aago kan ọ̀sán tó lù, torí ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́ ni ìjì àsìkò yìí sábà máa ń jà. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní eyín ni kí ẹ wọ̀. Ibi tí àpáta bá ti funfun tó sì rí ṣákaṣàka ni kí ẹ máa tẹ̀.

Bí ìlà-oòrùn bá ṣú, ẹ yí padà, kódà bí adágún bá ti wà lójú yín. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ó bínú títí a fi dé Ìsẹ́yìn, òjò ò sì padà rọ̀ lọ́jọ́ náà. Mi ò kábàámọ̀ rẹ̀ rárá.

Bí ẹ bá ti mú ọjọ́, sọ fún mi. Bàbá yẹn ṣì ń mú èèyàn gòkè, màá bá yín pè é.